Ẹ Jẹ́ Kí Òṣìṣẹ́ Inú Bàálù Náà Jókòó

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1988, bàálù Aloha Airlines kan wà lókè Hawaii, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 24,000, nígbà tí òrùlé apá iwájú rẹ̀ ya dànù. Iná tó ń sọ pé kí wọ́n de bẹ́líìtì ṣì ń tàn lọ́wọ́. Gbogbo èrò ló wà lórí ìjókòó, gbogbo wọn ló sì délẹ̀ láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ fara pa. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá a lọ: Clarabelle Lansing, tó ti lo ọdún 37 lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú èrò. Ìdúró ló wà, ó ń gba ife lọ́wọ́ èrò. Afẹ́fẹ́ gbé e jáde, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, nǹkan bà á lórí, ó ṣubú. Ẹ̀kẹta náà ṣubú, àmọ́ ó rá pálá láàárín àwọn ìjókòó lọ sókè sódò, ó ń ran èrò lọ́wọ́.

Ohun tó ń dùn wá ni pé iná kan náà ló tàn fún gbogbo wọn. Èrò gbọ́dọ̀ jókòó, ẹni tí yóò yọ wọ́n nínú ewu sì wà lórí ìdúró nítorí ife.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ kọ́ o. Àjọ FAA, tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ṣírò pé láti 2009 sí 2022, ènìyàn 163 ló fara pa yánnayànna nínú bàálù nítorí ìgbì afẹ́fẹ́ ojú sánmà. Òṣìṣẹ́ ni 129 nínú wọn, èrò jẹ́ 34 péré. Bẹ́ẹ̀, ta ló pọ̀ jù nínú bàálù? Kẹ̀kẹ́ oúnjẹ tó kún lè wúwo ju ẹni tó ń tì í lọ. Bí bàálù bá já wálẹ̀ lójijì, àti kẹ̀kẹ́ àti ẹni náà ni yóò fò lọ bá àjà, wọn yóò sì jọ padà wálẹ̀. Ìgbì tó ń jà láìsí ìkùukùu, tí rédà bàálù kì í rí, tún ń pọ̀ sí i: àwọn onímọ̀ Yunifásítì Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní 2023 pé èyí tó le jù nínú rẹ̀ fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún gbilẹ̀ lórí òkun Àríwá Àtìláńtíìkì láàárín 1979 sí 2020.

Bí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá sì tú jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000, ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 ni ọpọlọ ènìyàn fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ ni pé kó fa ìbòmú ọ́síjìn tó bá sún mọ́ ọn jù, kó jókòó síbi tó bá rí, kó má sì dìde títí páílọ́ọ̀tì yóò fi sọ pé ó tó. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ dí mọ́ láàárín ọ̀nà, níbo ni yóò jókòó sí?

Lẹ́yìn tí arìnrìn-àjò kan kú nínú bàálù Singapore Airlines tó kó sínú ìgbì ní oṣù karùn-ún 2024, ilé iṣẹ́ náà pàṣẹ pé tí iná bẹ́líìtì bá ti tàn, kò sí oúnjẹ, kò sí tíì, kí òṣìṣẹ́ náà lọ jókòó. Korean Air ní tiwọn sọ pé kí wọ́n parí iṣẹ́ ìpèsè ní ìṣẹ́jú 40 kí bàálù tó balẹ̀, dípò 20. Wọ́n ṣe é re. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ fínnú-fíndọ̀ ṣe lónìí, ó lè pa á tì lọ́la. Òfin la fẹ́, tí yóò de gbogbo wọn.

Àwọn kan yóò ní páílọ́ọ̀tì a máa fi iná náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ebi yóò sì pa èrò. Òótọ́ ni. Kí páílọ́ọ̀tì náà pa á nígbà tí ojú sánmà bá rọ̀, nítorí iná tí kì í kú, kò sẹ́ni tí yóò kà á sí.

Kí òfin náà sì sọ ọ́ gbangba pé ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, tàbí kó gé owó rẹ̀, nítorí pé ó fi ọjà àti oúnjẹ sílẹ̀ lọ de bẹ́líìtì.