Bébà Abẹ́ Bàtà

Mo kí arákùnrin tó jókòó sí tábìlì kejì sí tiwa níbi òde ọjọ́ Sátidé. Mo kí i kú ìnáwó, mo sì kí i kú ìṣọ́. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ báyìí, gbogbo wa rí bébà pélébé tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bàtà rẹ̀: ₦385,000. Kò ṣí i kúrò. Ta ni yóò ra bàtà irú owó bẹ́ẹ̀, tí yóò wá ṣí ẹ̀rí rẹ̀ dànù?

Ẹ ò mọ wàhálà tó wà nídìí kéèyàn máa tọ́jú bébà abẹ́ bàtà. Gìgísẹ̀ ló fi ń rìn, bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Ọmọ kan da ọbẹ̀ sílẹ̀, ó yí gbogbo tábìlì po kó má baà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó wá lẹ owó mọ́ ìyàwó níwájú orí, ó ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún wo? Nígbà tí onílù wá ki oríkì bàbá rẹ̀ tí kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, ojú kan ló dúró sí tó ń jó, èjìká nìkan ló ń mì. Ó padà jókòó, ó yẹ bébà wò, ó ṣì wà, ó tún yí i sí wa. Àwọn tó wà lápá òsì gbójú wá, ó gbé ẹsẹ̀ kejì: bébà wà níbẹ̀ náà! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá ká ro méjèèjì pọ̀ ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ti jà gan-an lórí ohun tó ń sọ nǹkan di ọ̀wọ́n. Ní 1776, Adam Smith ń ṣe kàyéfì pé omi tí a ò lè wà láyé láìmu kò tó nǹkan lọ́jà, dáyámọ́ǹdì tí kò ṣeé jẹ tí kò ṣeé mu sì ń gba owó rẹpẹtẹ. Ó di 1871 kí Carl Menger ní Vienna àti Jevons ní Manchester tó là á yé aráyé pé ìwúlò èyí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni la fi ń díye lé nǹkan: omi pọ̀, dáyámọ́ǹdì ṣọ̀wọ́n. Òkèlè àmàlà àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe ẹgbẹ́ ìkejìlá. Ó yé mi. Ìyá mi ò kàwé, ó yé òun náà. Àmọ́ Thorstein Veblen ará Amẹ́ríkà nìkan ló ronú dé abẹ́ bàtà: ó kọ ọ́ ní 1899 pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìnáwó gan-an ni wọ́n ń rà, kí ará àdúgbò lè rí i. Ọdún 1929 ló kú. Kò dé òde wa rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Àbúrò ìyàwó mi kó léèsì aṣọ ẹbí wá lọ́dún tó kọjá, yáàdì márùn-ún, ₦85,000. Mo ti rí i lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà ní ₦40,000. Mo wí. "Bọ̀dá, ẹ ò mọ léèsì." Mo san án. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ, ẹ̀rín ló ń rín: "Nígbà tí mo ní ogójì, wọ́n ní yóò ṣá. Mo fowó lé e, ó tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí."

Ní Gbági àtijọ́, ìyá mi á béèrè èló, á pòṣé, á kẹ̀yìn sí ọlọ́jà. Bó bá rìn dé ṣọ́ọ̀bù kẹta, wọ́n á pè é padà. Oṣù kan gbáko ni yóò fi máa sọ bó ṣe já owó sányán náà wálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá yà kí wa. Pé wọn ò rí òun rẹ́ jẹ, ìyẹn ni ìyangàn tirẹ̀. Ẹ̀yin ìsinsìnyí, ibi tí wọ́n ti rẹ́ yín jẹ lẹ fi ń ṣe yangàn! Ojú ò tiẹ̀ tì yín? Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì kì í gbé rìsíìtì kiri!

Nígbà tí òde ń tú, arákùnrin náà fi gìgísẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wolẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bàtà yín dáa o. Èló lẹ rà á?"

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni mo rà á, lẹ́yìn tí mo ti ná an títí ọlọ́jà fi bínú.

"Igba ẹgbẹ̀rún," ni mo wí, mo sì fa ẹsẹ̀ mi sábẹ́ àga.