Wọ́n Tún Ti Ń Wá Olùkọ́ Àgbàṣe, Ó Ku Ọ̀sẹ̀ Méjì Kí Wọ́n Wọlé

Wọ́n tún ti kọ̀wé sí mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, olórí ẹ̀ka ní yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé kò sí ẹni tí yóò kọ́ àwọn tó ń kàwé gba oyè kejì ní kọ́ọ̀sì òfin àti ètò ìgbáyégbádùn aráàlú. "A mọ̀ pé ọwọ́ yín máa ń dí, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn yín púpọ̀." Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn! Láti ìgbà òtútù ni kọ́ọ̀sì yẹn ti wà nínú ètò wọn. Láti oṣù kẹrin ni àwọn ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un. Wọ́n wá yàrá sílẹ̀, wọ́n mú ọjọ́, wọ́n mú àkókò, wọ́n tilẹ̀ ti kọ orúkọ ìwé tí àwọn ọmọ máa rà. Olùkọ́ nìkan ni wọn ò rántí wá. "Staff" ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí orúkọ èèyàn wà. Èmi ni Staff o.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Amẹ́ríkà ni mo wà, iṣẹ́ social work ni mo ń ṣe ní ọsibítù lójúmọmọ. Èmi ni mo máa ń bá ẹbí aláìsàn jókòó, èmi náà ni mo máa ń wá ibi tí arúgbó tí kò lẹ́nìkan yóò forí pamọ́ sí nígbà tí dókítà bá ní kó máa lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ kọ́ni ní yunifásítì. Kọ́ọ̀sì kan, sáà kan, owó kan, ó parí. Kò sí adójútòfò ìlera, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ọ́fíìsì, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n máa pè ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àgbàṣe oko pàápàá sàn jù ú lọ. Alágbàṣe tó bá dúró létí títì ní òwúrọ̀ kùtù máa ń dúnàádúrà kó tó gbé ọkọ́ léjìká. Ó mọ iye ebè tí òun máa kọ, ó mọ iye tí òun máa gbà, ẹni tó gbé e lọ oko á sì wá oúnjẹ ọ̀sán fún un. Èmi ńkọ́? Mo ti máa ń kọ́ni fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ìwé àdéhùn tó dé ọwọ́ mi. Nígbà tó bá sì wá dé, wọ́n á ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn láṣẹ láti fagi lé kọ́ọ̀sì náà nígbàkigbà, gbèsè kankan kò sí lọ́rùn àwọn.

Wọ́n ti ṣe é fún mi rí. Mo ti kọ sílábọ́ọ̀sì tán, mo ti ka ìwé tuntun tí mo fẹ́ fi kọ́ wọn, mo ti bẹ ọ̀gá mi ní ọsibítù títí ó fi yí àsìkò iṣẹ́ mi padà nítorí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká wọlé, ímeèlì onílà méjì dé. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n ṣe sùúrù. Kì í ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ ò pé o! Kọ́ọ̀sì ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ni kò rí èrò, ni wọ́n bá gba tèmi fún un kí wákàtí tirẹ̀ lè pé. Wọ́n sì ní kí n jọ̀wọ́ fi sílábọ́ọ̀sì mi ránṣẹ́ sí i. Ẹ kúkú ní kí n wá bá a nu pátákó.

Ẹ wá gbọ́ ti owó. $3,600 ni wọ́n ń san fún kọ́ọ̀sì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, kí owó orí tó jẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Ní ilé ìwé kan náà, $1,200 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san lórí kírẹ́díìtì kan, kírẹ́díìtì mẹ́ta sì ni kọ́ọ̀sì mi. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó jókòó sí ìlà iwájú ti san gbogbo owó mi. Àwọn 18 tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ta ni wọ́n ń sanwó fún? Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé yunifásítì ń san owó iná o. Iná wo ló ń jẹ $64,800 nínú yàrá kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀?

Wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n kà sí iṣẹ́ mi lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ni ní social work rí mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń máàkì pẹ̀lú ìdáhùn A, B, D. Ọmọ á kọ ojú ìwé mẹ́wàá nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí níbi tí wọ́n fi í sí láti kọ́ṣẹ́: ìyàwó tí ọkọ ń lù, ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nínú ìwé yẹn náà lo ti máa ṣàdédé rí i pé ìtàn ara rẹ̀ ló ń sọ. Ṣé wàá fún un ní 70 kí o sì kọjá lọ ni? Akẹ́kọ̀ọ́ kan pè mí lálẹ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi ẹjọ́ òbí tó ń fìyà jẹ ọmọ sun ìjọba. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti ba ilé onílé jẹ́. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, torí n kò ní ọ́fíìsì. Ibi tí mo sì gbé mọ́tò náà sí, àpò ara mi ni mo ti sanwó rẹ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ gidi nìkan ni wọ́n ń fún ní àyè mọ́tò.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù lọ ni ohun tí mò ń kọ́ wọn. Ní gbogbo sáà la máa ń ka ìtàn Jane Addams, obìnrin tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Hull House, ilé tí wọ́n ti ń ran àwọn tálákà àti àjèjì lọ́wọ́, sílẹ̀ ní Chicago ní 1889. A máa ń ka ti Florence Kelley tó gbé níbẹ̀, tó jà fitafita títí ìpínlẹ̀ Illinois fi ṣòfin ní 1893 pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi obìnrin ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́ nílé iṣẹ́. Àwọn onílé iṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sì wọ́gi lé apá yẹn ní 1895, síbẹ̀ obìnrin yìí ò jáwọ́. Lẹ́yìn èyí ni a máa dé orí òfin 1938 tó fi owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lélẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà, tó sì ní kí wọ́n sanwó àṣekún iṣẹ́. Mo máa ń fi ìtara sọ ọ́, àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ni ọ̀kan nínú wọn bá nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òfin yìí kan ẹ̀yin náà?"

Kò kàn mí. Òfin náà yọ olùkọ́ sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ kíkọ́ni nílé ìwé, wọn ò ní í ka wákàtí rẹ̀ bóyá owó tó ń gbà tó ohun tí òfin là sílẹ̀, wọn kì í sì í san àṣekún fún un. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ṣàlàyé fún wọn pé òfin tí mo ń gbé gẹ̀gẹ̀ kò mọ̀ mí rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn.

Wọ́n á ní, "Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an la fẹ́ kó kọ́ wọn." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò jiyàn rẹ̀. CSWE, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ social work ní Amẹ́ríkà, ní ẹni tó bá máa kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní oyè kejì nínú rẹ̀, kó sì ti ṣiṣẹ́ ọ̀hún fún ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn tó gboyè. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ ìwádìí dunjú ni kò lè kọ́ irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, láìsí àwa tá a ń ti ẹnu iṣẹ́ wá, ìwé àṣẹ wọn fúnra rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òun lo máa ń rántí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì?

Tí mo bá sì gbà, ìyọnu mìíràn tún dé. Wọ́n á ní kí n mú ìwé oyè wá, kí n mú orúkọ ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá, kí wọ́n tún yẹ̀ mí wò bóyá mo ti dáràn rí, èmi tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá! Tí sáà bá ti parí, wọ́n á ti ímeèlì mi pa. Ọmọ tó ń wá ìwé ìjẹ́rìí tó fi máa wá iṣẹ́ á máa kọ̀wé sí mi, kò ní í rí èsì, á rò pé mo ń gbéra ga ni.

Tèmi tilẹ̀ dára, mo níṣẹ́ lọ́sàn-án. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣe é ń kọ́ni ní ilé ìwé mẹ́ta, inú mọ́tò ló ti ń jẹun. Nígbà ìsinmi, tí kò sí kọ́ọ̀sì, kò sí owó. Tó bá fẹ́ lọ gba owó tí ìjọba ń fún aláìníṣẹ́, wọ́n á ní yunifásítì ti kọ̀wé pé àwọn ní in lọ́kàn láti pè é padà, nítorí náà kì í ṣe aláìníṣẹ́. Lẹ́tà kan náà tí kò tó láti fi tọrọ ẹ̀yáwó ní báńkì ló tó láti fi dí i lọ́nà oúnjẹ.

Ìyá mi ní Òṣogbo ò mọ gbogbo èyí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́ pé ọmọ wọn ń kọ́ àwọn òyìnbó ní yunifásítì. Àǹtí mi kì í pè mí lórúkọ mọ́, "Ọ̀jọ̀gbọ́n wa" ni wọ́n ń pè mí, tí wọ́n bá sì ti kí mi tán, ọ̀rọ̀ owó òrùlé á tẹ̀ lé e. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé? Nílé, tí inú bá bí àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU á pè wọ́n jáde. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀. A bú wọn nígbà náà, èmi náà wà nínú àwọn tó bú wọn díẹ̀, torí àbúrò mi tó jókòó sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n lẹ́nu. Níbi tí mo ti ń kọ́ni, a kì í tilẹ̀ mọ ara wa. Ẹni tó kọ́ni ní yàrá yìí kí n tó wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí.

Kì í sì í ṣe àwa díẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, AAUP, ṣírò rẹ̀ pé nígbà tó fi máa di 2021, bíi 68 nínú ọgọ́rùn-ún olùkọ́ ni iṣẹ́ wọn kò ní ìfìdímúlẹ̀. Ní 1987, bíi 47 ni. Ní oṣù kẹta 2022, UCLA, yunifásítì kan ní California, polówó iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísírì, ó ní kí olóyè PhD wá, ó sì kọ ọ́ kedere síbẹ̀ pé kò sí owó. Ìgbà tí ariwo sọ ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀rọ̀ náà burú ju ti kẹ́mísírì lọ. Wákàtí 900 ó kéré tán ni ẹni tó ń gba oyè kejì gbọ́dọ̀ fi kọ́ṣẹ́ níta, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n ń san owó ilé ìwé lórí wákàtí tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́! Wọ́n á ti ibẹ̀ wá jókòó síwájú olùkọ́ tí òun náà ń ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí la ń kọ́ wọn? À ń kọ́ wọn pé ẹni tó bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ béèrè owó. Tí wọ́n bá wá gboyè, tí àjọ kan ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa bójú tó ẹbí tó yẹ kí ẹni mẹ́ta pín, wọn ò ní í jiyàn. Ó ti mọ́ wọn lára láti ilé ìwé.

Èsì mi rèé fún olórí ẹ̀ka. Màá kọ́ni tí ìwé àdéhùn bá dé ọwọ́ mi kí n tó kọ sílábọ́ọ̀sì. Kí ímeèlì mi wà ní ṣíṣí láti sáà dé sáà. Wákàtí tí mo bá fi gbọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sanwó rẹ̀. Tí wọ́n bá sì gba kọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo ti múra sílẹ̀, kí wọ́n san owó ìmúrasílẹ̀ náà. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn yunifásítì tí olùkọ́ àgbàṣe wọn ti ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà ní Amẹ́ríkà níbí, owó kọ́ọ̀sì tí wọ́n fagi lé wà nínú àdéhùn wọn, mi ò sì tíì gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti ilẹ̀kùn pa nítorí rẹ̀. Títí dìgbà tí wọ́n bá máa fèsì, kí "Staff" lọ kọ́ wọn.