Èsìẹ́ ló ṣáájú Jos o
Ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí pé mùsíọ́mù Jos ló kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èsìẹ́ ni, ní Kwara níbí, 1945 ni wọ́n ti ṣí i, ti Jos di 1952. Àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, ọkùnrin lobìnrin, àwọn míì mú ohun ìjà dání, irun orí wọn nìkan téèyàn bá ní kóun máa wò ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn ará ìlú sọ pé àlejò làwọn ère náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta, èmi ò bá wọn jiyàn sha, wọ́n ṣáà ń bọ wọ́n, wọ́n ṣì ń ṣọdún ère dòní. Ohun tó ká mi lára jù ni àwọn ère tórí wọn ti kán kúrò, wọ́n mà pọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó ń mú èèyàn yí ká sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ sá jáde.