Ejò Ò Bù Wá Jẹ Rí

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo wa la mọ òwe náà, n kò ní tú u palẹ̀. Ẹni tí ejò bù jẹ ní àpá lẹ́sẹ̀. Bó bá ń sá fún ekòló, ẹ jẹ́ kó máa sá. Àwa tí ejò ò bù jẹ rí ńkọ́, tí a kàn gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ìyàwó onímọ́tò? Kí làwa ń sá fún?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ti Ìbàdàn bọ̀ ní Ifẹ̀ nígbà tí mọ́tò tí mo wọ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní Ìkirè. Ilẹ̀ ti ṣú, bátìrì fóònù mi ti kú. Mo tọrọ fóònù lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta dòdò, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lágere, kí wọ́n má tíì ti géètì. Ó dún títí, wọn ò gbé e. Mo pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọ́n ti pa fóònù náà pátápátá.

Aago mọ́kànlá ti lù kí n tó délé. Mo kan géètì títí ọwọ́ fi ń ro mí. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní ṣé n kò gbọ́ ni? Pé wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nọ́ńbà àjèjì kan ń pani, ẹni tó bá gbé e, ó parí. Mo ní ta ló pa? Wọ́n ní ará Oǹdó kan ni. Ta ló mọ ará Oǹdó náà? Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti gbó. Lọ́dún 2004 ni nọ́ńbà apànìyàn kan ti jà ràn-ìn nílẹ̀ yìí. Nígbà tó di 2011, 09141 ni wọ́n tún ní ó ń pani. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ti dàgbà báyìí, àwọn ló ń fi tuntun ránṣẹ́ sí ìyá wọn.

Fóònù kan náà ló sì jí wa lóru lọ́dún 2014. Ebola wọ Èkó lóṣù Keje. Kí oṣù Kẹjọ tó dá sí méjì, wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, ká sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ ṣe bí ẹ ti gbàgbé ni? Èmi náà wẹ̀, n ò ní purọ́. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, ní Èkó àti Port Harcourt, àwọn 8 sì kú. Kò mú ẹnikẹ́ni ní Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé kéde pé, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ti sọ, ó kéré tán èèyàn méjì kú nílẹ̀ wa látàrí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ̀rù àrùn ló pa wọ́n, àrùn kọ́.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Lẹ́yìn tí àwọn agbésùmọ̀mí já bàálù mẹ́rin gbà ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún bàálù, wọ́n bá gbé mọ́tò. Gerd Gigerenzer, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún kan, nǹkan bí èèyàn 1,500 ló tipa bẹ́ẹ̀ kú lójú títì. Wọ́n ju gbogbo èrò inú bàálù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fíìfíì. Bàálù tó já, ayé rí i. Mọ́tò ń pa tiẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹbí nìkan ló ń sunkún.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ jẹ́ ká wo ilé ẹ̀gbọ́n mi tí wọn ò gbé fóònù. Jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ríọ̀dò, ó ń pariwo láàárín yàrá méjì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fèrèsé, nítorí olè. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sùn lè má jí mọ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí ìjọba fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fi ṣọgbà yí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ká kí adìẹ má bàa jẹ ẹ́. Adìẹ ò jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀fọn ń jẹ ọmọ! Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ibà ń pa lágbàáyé, nǹkan bíi mẹ́ta jẹ́ ti Nàìjíríà. Síbẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohùn ránṣẹ́ lóru nítorí ẹ̀fọn. Ó ti di ará ilé. Àwa kan náà la sì ń gun ọ̀kadà ní mẹ́ta-mẹ́ta láti Lágere lọ sí Sábó, láìdé akoto, tí a tún ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó yára, òjò ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí, ẹ ó sì bú mi. Ẹ bú mi o, ṣùgbọ́n ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jáde lálẹ́ òní, jìnnà sí fèrèsé. Bó bá jẹ́ olè ni, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì mìíràn fún àwọn ọmọ. Bí fóònù bá sì dún, tí ẹ ò mọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e: ó lè jẹ́ èmi ni mo tún há sí Ìkirè.