Pé èèyàn mẹ́ta ló ń sáìn ṣẹ́ẹ̀kì ò ní kówó ẹ́sítéètì má pòórá

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹgbẹ́ ẹ́sítéètì, CDA, orúkọ yòówù tí wọ́n bá ń pè é ládùúgbò yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Gbogbo ìgbà tọ́rọ̀ owó bá délẹ̀ ní mítíìnì, tẹ́nì kan bá ní kí wọ́n ṣàlàyé bówó ṣe ń wọlé tó ń jáde, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "Èèyàn mẹ́ta ló ń sáìn sí àkáǹtì yẹn, alága, akọ̀wé àti akápò, kò sẹ́ni tó lè dá yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀." Báyìí lẹni tó béèrè á jókòó, wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Èmi náà gbà á gbọ́ fọ́dún mẹ́fà. Kì í ṣòótọ́ rárá. Èmi ni akọ̀wé nígbà tí tiwa ṣẹlẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi sáìn ín, ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí nìyẹn.

Ìbàdàn ni, lápá Akóbọ̀. Ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta la jẹ́. ₦5,000 lójúlé lóṣù fún àwọn gáàdì àti dísù tí wọ́n fi ń fa omi borehole. Nígbà tí tiransifọ́mà wa jóná, a tún dá ₦60,000 lójúlé lé e, ìyẹn ₦3,840,000 tí gbogbo wa bá san tán. Àwọn kan san án lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn màmá kan ń bẹ tó jẹ́ ₦5,000, ₦5,000 ni wọ́n ń mú wá títí wọ́n fi san án pé. Àsìkò yẹn ni alága wa fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Canada, ọmọ wọn obìnrin bímọ, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa lò níbẹ̀. Èmi, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Friday ni mo máa ń wọlé, tó bá di ọ̀sán Sunday mo ti padà. Ni akápò bá bi wá pé tí àwọn tó ń ta òpó iná bá bèèrè owó láàárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́, ṣé kóun máa lépa àwa méjèèjì láti Canada dé Èkó ni? Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni lójú gbogbo wa. Bí alága ṣe jókòó nínú pálọ̀ wọn nìyẹn, àpótí ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sáìn ewé ṣẹ́ẹ̀kì mẹ́wàá lófìfo, kò sórúkọ, kò síye. Wọ́n na bírò sí mi. Mo sáìn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Mo ṣì rántí pé bírò náà dáké nígbà tí mo dé ewé kẹta, mo fi ha ẹ̀yìn káléńdà kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Akápò kó ìwé ṣẹ́ẹ̀kì sínú báàgì, ó dúpẹ́, a jọ gbàdúrà àlọ re àbọ̀ re fún alága.

Nígbà tá a máa fi mọ̀, ₦1,150,000 ti lọ. Ewé mẹ́rin péré ló kó o lọ. Mo bá tìbínú-tìbínú lọ sí báńkì, mo ní wọ́n ti ya sígínéṣọ̀ mi, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gbé ẹ̀dà ṣẹ́ẹ̀kì náà síwájú mi ó rọra bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sáìn eléyìí ni?" Èmi ni. Mẹ́ta pé, sígínéṣọ̀ tòótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báńkì ṣe gbogbo ohun tá a ní kí wọ́n ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí gan-an nìyẹn. Ohun tí báńkì ń yẹ̀ wò ni pé ṣé sígínéṣọ̀ pé àbí kò pé. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti mọ̀ bóyá ẹ jókòó papọ̀ kẹ́ ẹ tó sáìn, bóyá ẹni kejì mọ nǹkan tówó wà fún, bóyá òpó iná tẹ́ ẹ ń sanwó ẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé iṣẹ́ yẹn lé sígínéṣọ̀ lọ́wọ́, sígínéṣọ̀ ò sì lójú.

Àwọn kan á ní àwọn ò lo ṣẹ́ẹ̀kì mọ́, orí fóònù làwọn ti ń ṣe é. Ó tún burú ju tiwa lọ tẹ́ ò bá ṣọ́ra. Àkáǹtì ẹgbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, báńkì máa ń ṣètò ẹ̀ pé ẹnì kan á tẹ owó sínú ẹ̀, ẹlòmíràn á fọwọ́ sí i kó tó lọ. Ètò tó dáa ni. Àmọ́ ẹ lọ wo bó ṣe rí ládùúgbò: alága ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, kò fẹ́ wàhálà páásíwọọ̀dù, ó bá kó tókìn tiẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé nọ́ńbà ìfọwọ́sí jáde, fún akápò pé "bá mi mú un dání". Akọ̀wé náà kó tiẹ̀ fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá ń tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà tí alẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ ńkọ́? Ti akápò ni. Lórí ìwé, èèyàn mẹ́ta. Lórí fóònù, ẹyọ ẹnì kan.

Gbogbo èyí tí mo sì ń sọ, owó tó ti dé báńkì nìyẹn o. Owó tí ò dé báńkì rárá ńkọ́, ta ni ń sáìn fún un? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀, ẹnu tí ògiri tiwa là tó tóbi jù, ẹnu géètì ni. Àwọn onílé ń kó owó oṣù fún gáàdì, gáàdì ń kó o fún ẹni tó ń gbowó, ẹni tó ń gbowó ń já rìsíìtì. Lẹ́yìn wàhálà yẹn ni mo tó jókòó ṣí ìwé rìsíìtì wò ewé kan tẹ̀ lé ìkejì: 0141, 0142, ó bọ́ sí 0145. Ewé méjì ti já, ẹ̀dà wọn ò sí níbẹ̀. Mo tún rí irú ẹ̀ níbi mọ́kànlá mìíràn. Èèyàn san owó, wọ́n fún un ní rìsíìtì, orúkọ ẹ̀ ṣì wà lára àwọn tó jẹ gbèsè tí wọ́n ń kà létí gbogbo ayé ní mítíìnì, ó sì ń bínú, àwa náà ń pè é lónígbèsè. Bàbá kan tilẹ̀ bá wa jà títí wọn ò fi wá mítíìnì mọ́ fọ́dún kan gbáko. Bàbá yẹn ló jàre. Èmi àti alága tuntun ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn nílé wọn.

Ti dísù náà ń bẹ níbẹ̀. Rìsíìtì dísù kan wá sọ́dọ̀ mi, lítà 450, mo sáìn ín, alága sáìn ín, kò sẹ́ni tó lọ wo táǹkì jẹnẹrétọ̀ wa. Lítà 300 ni gbogbo ohun tí táǹkì náà lè gbà, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà. Ìyẹn ni pé téèyàn mẹ́wàá bá sáìn sábẹ́ irọ́, irọ́ náà ṣì ni, ó kàn ti lẹ́lẹ́rìí mẹ́wàá báyìí ni.

Ẹ má sì ṣe rò pé ìwà Nàìjíríà wa lásán ni. Ní Las Vegas lọ́hùn-ún lÁmẹ́ríkà, ẹgbẹ́ onílé ń bẹ tí wọ́n ń pè ní HOA, òfin wà níbẹ̀, ìdìbò wà níbẹ̀. Láàárín 2003 sí 2009, ọ̀gá kọ́ńtírákítọ̀ kan tó ń jẹ́ Leon Benzer àtàwọn èèyàn ẹ̀ ń fi orúkọ àwọn kan ra ilé káàkiri àwọn ẹ́sítéètì, wọ́n á ní káwọn yẹn díje dupò nínú ẹgbẹ́, wọ́n á ṣe màgòmágó ìbò, tí wọ́n bá ti di ọmọ ìgbìmọ̀ tán wọ́n á gbé iṣẹ́ àtúnṣe ilé fún kọ́ńpìnnì Benzer. Ó lé lógójì èèyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi níbẹ̀, Benzer fúnra ẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n oṣù 188 ní 2015, ìyẹn lé lọ́dún 15. Ẹ wò ó dáadáa, níbi tí ẹnì kan ti ra àwọn tó máa sáìn, kí ni sígínéṣọ̀ méjì, mẹ́ta, fẹ́ ṣe?

California ló tiẹ̀ jẹ́ kọ́rọ̀ náà yé mi jù. Ọjọ́ pẹ́ tí òfin ibẹ̀ ti ní kéèyàn méjì ó kéré tán máa fọwọ́ sí i kí wọ́n tó yọ nínú owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ onílé, èyí tí wọ́n fi ń tún òrùlé àti títì ṣe. Ká ní ìyẹn tó ni, wọn ò ní ṣòfin mìíràn. Àmọ́ ní 2018 wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní AB 2912, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2019: àwọn ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ìwé báńkì wé ìwé ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kì í ṣe oṣù mẹ́ta-mẹ́ta bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì ra ìnṣọ́ránsì tó máa dá owó padà tẹ́ni tó ń mú un dání bá jí i. Àwọn tó ti ní sígínéṣọ̀ méjì tẹ́lẹ̀ ló tún wá ń sọ pé ẹ máa wo ìwé báńkì o.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé mo wá ń sọ pé ká fi àkáǹtì sílẹ̀ fẹ́nì kan ni. Rárá o! Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta, ẹ má sáìn ewé òfìfo fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó jẹ́ pásítọ̀ tàbí alùfáà tó, kálukú mú tókìn ẹ̀ dání. Àmọ́ ẹni tí ò sáìn, tí kì í gbowó, tí kì í náwó, òun gan-an ló yẹ kó máa rí státímẹ́ǹtì báńkì lóṣooṣù, láti ọwọ́ báńkì fúnra wọn. Kì í ṣe èyí tí akápò tẹ̀ jáde nílé o, a ti rí èyí tí wọ́n tún nọ́ńbà inú ẹ̀ ṣe. Kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rìsíìtì, kí wọ́n ka nọ́ńbà ẹ̀ tẹ̀ léra wọn. Kọ́ńtírákítọ̀ tó bá sì fi WhatsApp ránṣẹ́ pé òun ti pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, torí àwọn tó ń já WhatsApp ẹlòmíràn gbà pọ̀ nílẹ̀ yìí.

Akápò wa, mi ò ní pè é lólè níbí. Ó sọ fún wa pé owó ilé ìwé ọmọ òun ló kọ́kọ́ yọ, ó ní òun fẹ́ dá a padà lóṣù kejì, mo sì gbà á gbọ́. Oṣù kejì dé, kò sẹ́ni tó béèrè, ó yọ ìkejì. Ká ní ẹnì kan ti wo státímẹ́ǹtì lẹ́yìn ewé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí nínú pálọ̀, ọkùnrin yẹn ì bá ṣì máa wá mítíìnì. Ó ti dá ₦400,000 padà, ó ń san ₦30,000 lóṣù báyìí.

Màmá olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì la gbé iṣẹ́ yíyẹ ìwé wò fún, wọn ò sí nínú ìgbìmọ̀, wọn ò ní tókìn. Oṣù tó kọjá wọ́n wọ awò wọn, wọ́n ń ka státímẹ́ǹtì sókè ní mítíìnì, wọ́n dé ibi ₦18,500 kan, wọ́n dúró. "Alága, kí lèyí?" Alága tuntun dìde, wọ́n wá inú fáìlì wọn títí, wọ́n rí rìsíìtì gílóòbù iná géètì, wọ́n gbé e fún màmá. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn, wọ́n ní "ẹ ṣeun, ẹ jókòó", wọ́n bọ́ sí ìlà tó kàn.