Ṣé Hounsfield nìkan ló ni ọgbọ́n CT scan?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn pé ta ló ṣe CT scan, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray àti kọ̀ǹpútà ya àwòrán inú ara ní ìbú. Wọ́n á ní Godfrey Hounsfield ni, òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní EMI, ilé-iṣẹ́ tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn Beatles jáde. Wọ́n á tún fi kún un pé kó tó di 1971, kò sẹ́ni tó tíì rí inú ara alààyè bí ìgbà tí wọ́n gé búrẹ́dì ní ìbú. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí 1950 tó pé ni Shinji Takahashi, dókítà ọmọ Japan tí wọ́n bí ní 1912, ti dáwọ́ lé e. X-ray lásán, òjìji ni. Egungun, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró á gun ara wọn lórí fíìmù kan ṣoṣo. Takahashi wá mú kí aláìsàn àti fíìmù jọ máa yí pọ̀, lójú kan náà, kí ibi tó fẹ́ wò lè hàn, kí ìyókù sì ṣú. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ o! Òun nìkan kọ́ náà ló ń ṣe irú rẹ̀. Dókítà Vallebona náà ń ṣe é ní Ítálì.

Àwọn tó wá ń pariwo pé wọ́n jí iṣẹ́ Takahashi, àwọn náà ti sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Fíìmù ò lè ya ọpọlọ tó rọ̀ sọ́tọ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà Hounsfield ló ṣe ìyẹn, lórí obìnrin kan ní ìlú London, ní October 1, 1971. Allan Cormack, ọmọ South Africa, ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn méjèèjì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979.

Lójú tèmi, ibi tí Takahashi ti ta yọ jù ni ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àwọn èèyàn kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá ti mọ bí kókó jẹjẹrẹ ṣe rí ní ìbú, kí ló dé tí a ó fi máa fi ìtànṣán jó ẹran ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ní ìlú Nagoya ní Japan, ó ṣètò kí ìtànṣán máa yí aláìsàn po, kí àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ sì máa ṣí, kí wọ́n máa pa dé, kí ojú ihò náà lè bá ìrísí kókó náà mu láti igun kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ jáde ní 1965. Irú irin bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sí jẹjẹrẹ lónìí.