Ọfà Pupa Yẹn Parọ́: Kò Sẹ́ni Tó Tíì Ya Fọ́tò Milky Way Láti Ìta

Láàárọ̀ àná, bọ̀dá wa àgbà tún gbé e sórí gúrúùpù ẹbí wa ní WhatsApp: fọ́tò ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tó ká bí ìkarahun ìgbín, ọfà pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lára rẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sídìí ọfà náà pé "Ibí la wà." Kí n tó mu omi tán, "Ọlọ́run tóbi" ti pé mọ́kànlá lábẹ́ rẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Ọlọ́run tóbi. Ọfà yẹn ni mò ń bá jà.

Kò sí fọ́tò Milky Way láti ìta. Inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ yìí ni oòrùn wa wà, inú rẹ̀ náà sì ni gbogbo kámẹ́rà tí ọmọ aráyé ti ṣe rí wà.

Èyí tí bọ̀dá wa fi ránṣẹ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. UGC 12158 ni wọ́n ń pè é, awò awọ̀nàjíjìn Hubble ló yà á. Apá ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Pegasus ló wà, ó sì jìnnà sí wa tó nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín ọdún kan). Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, tó ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ti wà lójú ọ̀nà kí dáínósọ̀ kankan tó tẹ ilẹ̀ ayé. Ó jọ Milky Way, ìyẹn ò níyàn nínú: àwọn méjèèjì ní ìràwọ̀ tó tò bí ọ̀pá dábùú àárín wọn, tí apá wọn sì ká jáde láti ẹnu ọ̀pá náà. Wọ́n ní "ó jọ ọ́", ẹnì kan gbọ́ "òun ni", ó bá fa ọfà sí i.

Ẹ tún fọ́tò náà ṣí, kẹ́ ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Ẹ wo apá òsì nísàlẹ̀ àárín rẹ̀. Ìràwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀ tó ń tàn yanran. Ìràwọ̀ tó bú gbàmù ni, SN 2004ef lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, tí wọ́n kàn fẹ́ràn láti máa wo ojú ọ̀run, ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 2004, kí Hubble tó tẹ̀ lé wọn lọ wò ó. Nínú Milky Way tiwa ńkọ́? 1604 ni aráyé fojú lásán rí irú rẹ̀ kedere kẹ́yìn. Nítorí náà, ìràwọ̀ wo ló bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà bọ̀dá wa tí a ò gbúròó?

Ẹlòmíì á ní, "NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ló yà á." Níbo ni wọ́n dúró sí? Voyager 1 ló jìnnà jù nínú gbogbo ohun tí èèyàn tíì jù sókè. Láti September 1977 ló ti ń lọ, ó ń sá bíi kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ gbogbo ìrìn rẹ̀ látìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ á rìn ín láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Kó tó rin ọdún ìmọ́lẹ̀ kan péré, á lé ní 17,000 ọdún. Fífẹ̀ Milky Way sì tó 100,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Milky Way gidi, mo ti rí i. Ní Ìgbẹ́tì ni, lóṣù August, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, iná ò sí nínú gbogbo àdúgbò. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní níta, mo rí ìlà funfun kan bí èéfín igi ìdáná tó gba orí òkè kọjá, tó la ojú ọ̀run já. Bó ṣe máa ń rí lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò ó. Mo gbé fóònù jáde láti yà á. Dúdú birimù ló gbé fún mi.

Èyí tó wà nínú ìwé àwọn ọmọ wa ńkọ́? Àwòrán ni. Èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, Robert Hurt ló fi kọ̀ǹpútà yà á fún NASA. Kò yà á látorí àlá o. Wọ́n ti fi ìgbì rédíò wá gáàsì haidirójìn kiri nínú Milky Way, awò awọ̀nàjíjìn Spitzer ti fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí wo àárín rẹ̀, awò awọ̀nàjíjìn Gaia náà sì ti wọn ibi tí ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan wà. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé nǹkan bí 26,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ ló wà láàárín wa àti àárín rẹ̀. Ó dáa, mo gbà, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí iye apá ńlá tó ní, bóyá méjì tàbí mẹ́rin. Ìyẹn ò sọ àwòrán di fọ́tò.

Mo tẹ gbogbo èyí sórí gúrúùpù, mo fi ìkíni sí i lókè nítorí àgbà ni wọ́n. Lẹ́yìn wákàtí kan, bọ̀dá wa fèsì: "Àmín. Ọlọ́run tóbi."